Bí mo ṣe ra abo ràkúnmí ní Illela, tí mo sì ń ta wàrà rẹ̀ ní Ṣókótó

Kí n tó dé Ṣókótó, ẹran pípa nìkan ni mo ka ràkúnmí sí. Ẹ̀ẹ̀rùn ló yí mi lérò padà. Láti oṣù kẹta wọ oṣù karùn-ún, koríko a gbẹ tán, wàrà màlúù a fà sẹ́yìn, èyí tó bá kù lọ́jà a sì di ọ̀wọ́n gógó. Abo ràkúnmí tó ń tọ́mọ kò fi bẹ́ẹ̀ ka ẹ̀ẹ̀rùn sí. Ewé igi ẹlẹ́gùn-ún ló ń jẹ, gbòǹgbò igi ọ̀hún sì jìn nílẹ̀. Àsìkò ọ̀wọ́n yẹn gan-an ni mo fẹ́ máa tà, ìyẹn ni mi ò fi wo ojú akọ tí wọ́n fi ń ru àlùbọ́sà.

Bàbá kan tó jẹ́ Buzu (ẹ̀yà kan tó tan mọ́ àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀), tó ti ń da ràkúnmí láti kékeré, ló bá mi lọ sí ọjà Illela, lẹ́nu ibodè Niger. Kò tilẹ̀ wo iké (ọ̀rá ló wà nínú iké, kì í ṣe omi bí àwa ará ìsàlẹ̀ ṣe máa ń sọ). Ó la ẹnu ẹran náà, ó wo eyín kó lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá àti itan rẹ̀, ó ń wá ibi tí irun ti ń re. Ó tẹ orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n mú ọmọ rẹ̀ wá. Ó fi orúkọ tí àwọn Hausa ń pe Yorùbá pè mí, ó ní, "Bayárábè, abo tí kò bá jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ òun, kí lo fẹ́ fún lára rẹ̀?" Ọmọ náà wá, ó ki orí bọ abẹ́ ìyá rẹ̀, ìyá dúró jẹ́ẹ́. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà.

Kí n tó kówó sílẹ̀, dókítà ẹran gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò fún surra, àrùn tí eṣinṣin amùjẹ̀ ń gbé kiri, tó ń mú ràkúnmí rù, tó sì ń ba oyún jẹ́. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí o. Kí ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn má sì torí ohun tí mo kọ yìí gbé ràkúnmí wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ilẹ̀ olójò, ilẹ̀ eṣinṣin, kì í ṣe ilé ràkúnmí.

Ọwọ́ bàbá Buzu yẹn ni mo fi abo náà sí. Wàrà òwúrọ̀ jẹ́ tèmi, ti ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti ilé rẹ̀, a ó sì máa pín ọmọ. Iyọ̀ àti káún ni mo ń rà jù, torí iyọ̀ tí ràkúnmí ń fẹ́ ju ti màlúù lọ fíìfíì. Ní ti omi, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìmu. Àmọ́ lọ́jọ́ tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ tán, ó lè gbé 100 lítà mì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, kó ti mọ̀.

Fífún wàrà ló gba sùúrù. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń ṣe é. Bàbá á fi ẹsẹ̀ kan dúró, á gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kejì lé orúnkún, á wá fi igbá lé orí itan tó gbé sókè. Ọmọ ló ń kọ́kọ́ mu. Bí ọmú bá ti le, tó ń dán, a fa ọmọ sẹ́yìn, kíá ni ọwọ́ á sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, torí kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí wàrà náà á fi dáwọ́ dúró. Orí ọmú méjì la ń fún, méjì tó kù jẹ́ ti ọmọ. Ẹni tó bá fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbẹ ń pa ọmọ, bí ọmọ bá sì kú, ìyá lè há wàrà mọ́ra. Ìfófòó tó máa ń bo igbá pọ̀ débi pé èèyàn á rò pé ó ti kún, bẹ́ẹ̀ ìdajì ni.

Mo máa ń sè é kó hó dáadáa kí n tó tà á, torí àrùn brucellosis ń gba inú wàrà tútù wọ ara èèyàn. Ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà mi ló ní àtọ̀gbẹ. Mi ò sọ fún wọn pé oògùn ni. Wàrà tó ní fítámínì C ju ti màlúù lọ ni mo ń tà. Mo gbìyànjú láti fi ewé bọ́mubọ́mu ṣe wàrà dídì bíi ti ilé wa. Ó kọ̀, kò dì gidi, ó rọ̀ lẹ́bẹ́lẹ́bẹ́, torí èròjà inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti màlúù. Èyí tó ṣàn ni mo gbájú mọ́. Àwọn obìnrin Isiolo ní Kenya ń kó o wọ ọkọ̀ lọ sí Nairobi, èéfín igi ni wọ́n sì fi ń fín kẹ́ẹ̀gì kó má tètè kan. Èmi náà ń fín tèmi. Ní Nouakchott ní Mauritania, ilé iṣẹ́ Tiviski ti ń rọ ọ́ sínú páálí láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ní Ṣókótó níbí, ike omi la ṣì fi ń ta á.

Nígbà ọyẹ́, a yá akọ kan wá. Ìtọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ó ń ti nǹkan pupa bíi bàlúùnù jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó ń hó gurugùrù, àwọn ọmọ bàbá sì sá gun orí ògiri. Oyún ti dúró. Oṣù 13 ló máa gbé e, nítorí náà mo ti ń wá abo kejì tí yóò máa fún wa ní wàrà bí eléyìí bá sinmi.