Alukobọ́ǹdù tó já lulẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù: bí mo ṣe tún un lẹ̀

₦340,000 ni mo fi tún iṣẹ́ tí wọ́n ti san owó rẹ̀ fún mi ṣe, láti inú àpò ara mi. N kò tíì ka owó ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Orílé ní Èkó lẹ́ẹ̀mejì mọ́ ọn, n kò sì tíì ka iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi ní gbogbo àkókò náà. Túùbù sílíkọ́ọ̀nù mọ́kànlá ló kó mi sí i.

Ìparí oṣù kejì ni mo bá Alhaja kan tó ń ta aṣọ òkè ní Chálẹ́ńjì bo iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Alukobọ́ǹdù dúdú ló yàn, ìyẹn ṣíìtì alùmíníọ́mù fẹ́lẹ́ méjì tí wọ́n fi rọ́bà sáàárín, ó sì ní òun kò fẹ́ rí orí sukurúù kankan lójú rẹ̀. Mo ní kò burú, gọ́ọ̀mù la máa fi lẹ̀ ẹ́. Square pipe onírin tí a kùn ní red oxide, ọ̀dà pupa tí wọ́n ń kun irin, ni mo fi ṣe egungun rẹ̀. Sílíkọ́ọ̀nù tó wà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta gíláàsì ni mo lò, èyí tí òórùn rẹ̀ máa ń kan bí omi ògì ọjọ́ kẹrin. Ó dán, ó gún régé, Alhaja ṣàdúrà fún mi lọ títí.

Àkọ́rọ̀ òjò ló tú u fó. Ìjì tó ṣáájú òjò fa ṣíìtì kan já láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó sì balẹ̀ síbi tí ọmọ kan tó ń kiri píọ̀ wọ́tà ti kúrò láìpé ìṣẹ́jú kan. Títí di òní, bí mo bá rántí ọmọ yẹn, àyà mi ṣì máa ń já.

Nígbà tí mo yí ẹ̀yìn ṣíìtì náà sókè, ìlà sílíkọ́ọ̀nù wà lára rẹ̀ digbí, kò ṣí níbì kankan. Ọ̀dà pupa ló lẹ̀ mọ́ orí ìlà náà bí èèpo, àwọ̀ irin tó ti dógùn-ún sì wà lẹ́yìn ọ̀dà ọ̀hún. Gọ́ọ̀mù di ọ̀dà mú, ọ̀dà ni kò di irin mú. Kíkan tí sílíkọ́ọ̀nù yẹn ń kan, ásíìdì tó ń jáde lára rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ ni, irú èyí tó wà nínú fínígà, irin kì í sì í bá a rẹ́.

Èyí tó kù, ọwọ́ mi ló ti wá. Oòrùn máa ń mú alùmíníọ́mù gùn sí i. Ṣíìtì tó gùn ní mítà 2.44, bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n Celsius 40 ju ti òwúrọ̀ lọ, yóò fi bíi mìlímítà 2.3 gùn sí i. Dúdú ni tiwa. Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ọwọ́ kò ṣeé gbé lé e. Èmi sì ti tẹ sílíkọ́ọ̀nù náà pẹlẹbẹ bí ewé, mo rò pé bó bá ṣe fún mọ́ra tó ni yóò ṣe lágbára tó. Gọ́ọ̀mù tó fẹ́lẹ́ báyẹn kò ní ibi tí yóò nà sí, ọ̀dà ló ń fà lójoojúmọ́.

Gígé, fífá ẹ̀yìn àti kíká etí, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí mo ti rí ìyà ni gọ́ọ̀mù tuntun. N kò fẹ́ gọ́ọ̀mù tí kápẹ́ńtà fi ń lẹ fọ́míkà, torí ooru máa ń mú un rọ̀. Polyurethane ni mo yàn, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní PU. Àkọ́kọ́ tí mo rà ní Orílé ti le nínú túùbù. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lò ó mọ ti kọjá, n kò sì wò ó. Mo tún padà lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí mo búra pé n kò ní gbé nǹkan kan gòkè láì kọ́kọ́ dán an wò nílẹ̀. Mo gé ègé alukobọ́ǹdù kékeré, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ páìpù, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, torí omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mú PU gbẹ, láti ìta wọ inú, díẹ̀díẹ̀. Bẹntiróòlù ni mo fi nu ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo fà á, ó bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Epo tó kù lójú irin ló bà á jẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Èkejì, mo kun páìpù lọ́tun, mo jẹ́ kí ọ̀dà náà gbẹ dáadáa, mo sì fi sípíríìtì isopropyl nù ún. Ọ̀dà náà tún ṣí kúrò lára irin. Inú bí mi débi pé mo ju púláyà mọ́lẹ̀. Iléyá ti ń sún mọ́lé, iwájú ṣọ́ọ̀bù wà níhòòhò, Alhaja sì ń pè mí láràárọ̀: "Ọmọ mi, gọ́ọ̀mù wo ló ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbẹ?" Kí ni mo fẹ́ wí? "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣe sùúrù fún mi." Ọmọ iṣẹ́ mi ní kí a kàn fi sukurúù dè é ká lọ. Mo kọ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo pa irin tì. Mo ra páìpù alùmíníọ́mù, mo fi sáńpépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ra ojú rẹ̀, mo fi aṣọ funfun tó ní isopropyl nínú nù ún títí aṣọ kò fi dọ̀tí mọ́, mo sì fi primer, ohun tí wọ́n ń kùn ṣáájú gọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n ń tà mọ́ PU náà, kùn ún. Lọ́jọ́ keje, mo fi púláyà fà á tagbáratagbára. Gọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ló ya láàárín, ìdajì dúró lára páìpù, ìdajì lára ṣíìtì. Mo pariwo! Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn: kí gọ́ọ̀mù ya kó tó gbà láti ṣí.

Gbígbé e gòkè kò gbà ju ọjọ́ méjì lọ. Téèpù fóòmù olójú méjì tó nípọn ní mìlímítà 3 ló di ṣíìtì mú kí PU tó gbẹ, òun náà ni kò jẹ́ kí n tún tẹ gọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ. Mo gé ẹnu túùbù bíi lẹ́tà V kí ìlà gọ́ọ̀mù lè ga, òòró ni mo sì fà á, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé kí omi òjò sì lè ṣàn jáde. Mo fi àlàfo mìlímítà 10 sáàárín ṣíìtì kan sí èkejì. Nítorí ọmọ oní-píọ̀-wọ́tà yẹn, mo fi ángùlù, ọ̀pá tó ká bíi lẹ́tà L, gbé ìsàlẹ̀ ró, mo sì fi rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tó ń so ṣíìtì mọ́ páìpù, di òkè níbi tí etí ṣíìtì ká bò ó. Alhaja kò rí ìkankan nínú wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ ka ọ̀sẹ̀ ìdánwò mọ́ ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà kó tó san kọ́bọ̀. Bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù kejì, ègé kékeré kan ì bá ti sọ gbogbo èyí fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìjì mìíràn jà ní Chálẹ́ńjì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé àkàbà lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi èékánná tẹ gbogbo etí rẹ̀, kò sí èyí tó mì. Alhaja ti ní kí n wá wọn iwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ òun ní Mọ́níyà, owó páìpù alùmíníọ́mù sì ti wà nínú ìwé tí mo kọ fún un.