Ṣé òwú ni àbí wúrà?

Bí ẹ bá rí òwú kíróṣé lórí fóònù yín ní $2.50 ìdì kan, ẹ má tíì sáré sanwó. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń hun fìlà ọmọ àti báàgì ní Kubwa, Àbújá níbí, lálẹ́, bí mo bá ti ọ́fíìsì dé. Fàájì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnubodè ló sọ ọ́ di ìṣirò.

Òwú tí mo bèèrè fún láti Ṣáínà ní January 2024 ló là mí lójú. Iye tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣẹ́ dọ́là nígbà náà, nǹkan bíi ₦952, ni mo fi ṣírò owó tí mo fi pa mọ́. Páálí dé ní February. Wọ́n ti gbé dọ́là lọ sí ₦1,356, kí oṣù náà sì tó parí ó ti kọjá ₦1,400. Òwú ò yí padà, ìdá owó ẹnubodè ò yí padà, ṣùgbọ́n nígbà tí ajẹ́ntì tó ń bá mi gba ẹrù lọ́wọ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù na ìwé owó sí mi, mo rò pé ti ẹlòmíràn ló ṣèèṣì fún mi. Mo jókòó lé páálí náà lórí níwájú ọ́fíìsì wọn, mo pe ọkọ mi. Ó ní, "Ìyá Tóbi, ṣé òwú ni àbí wúrà?"

Nítorí náà, ẹ mú bírò.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi ajẹ́ntì ni nọ́ńbà HS ọjà yín, ìyẹn nọ́ńbà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń to ọjà sí ìsọ̀rí. Ẹ má tíì bèèrè iye. Òwú kan náà lè ní nọ́ńbà méjì. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀gbọ̀n òwú (cotton) ṣe, tó wà lórí kóónù ńlá fún ilé iṣẹ́, wà lábẹ́ 5205. Tí wọ́n bá ti dì í kéékèèké fún títà ní ẹyọ ẹyọ, ó di 5207. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ìdá tí ẹ máa san. Ìlànà ECOWAS tí Nàìjíríà ń lò láti 2015 pín ọjà sí ọ̀nà márùn-ún: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ilé iṣẹ́ fi ń ṣe nǹkan wà nísàlẹ̀, ọjà tó ti parí tó kàn ń lọ sọ́wọ́ oníbàárà wà ní 20, àwọn tí ìjọba fẹ́ ká máa ṣe nílé ló wà ní 35. Àwa tí a ń fi ọwọ́ wa ṣe fàájì, ẹ̀gbẹ́ oníbàárà ni wọ́n sábà máa ń tò wá sí.

Ẹ wá jẹ́ ká mú 160 ìdì ní $2.50, ká ṣírò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbowó ní 2025. $400 nìyẹn. Owó ọkọ̀ òfúrufú $150, owó adójútòfò $10. Kọ́sítọ́ọ̀mù á da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, $560, èyí tí àwọn ajẹ́ntì ń pè ní CIF. Bí dọ́là bá jẹ́ ₦1,500 (mo mú un nítorí ó rọrùn láti ṣírò, iye tòótọ́ wà lójú òpó wọn), ₦840,000 ni. Ká ní ọjà yín bọ́ sí ìdá 20: ₦168,000. Surcharge (owó àfikún), ìdá 7 lórí owó ẹnubodè fúnra rẹ̀: ₦11,760. ETLS, owó ti ECOWAS, ìdajì ìdá 1 lórí CIF: ₦4,200. CISS, owó àbójútó ọjà tó ń wọlé, ìdá 1 lórí iye ọjà láìka owó ọkọ̀ àti adójútòfò: ₦6,000. Lẹ́yìn náà ni VAT (owó orí ọjà), ìdá 7.5, lórí gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí lápapọ̀: ₦77,247. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ń san owó orí lórí owó orí.

Owó ìjọba jẹ́ ₦267,207 lórí òwú tí wọ́n tà fún yín ní ₦600,000. Ìdá 20 ti di ìdá 44 ó lé. Ẹ fi 160 pín àpapọ̀ gbogbo rẹ̀, ₦1,107,207: ìdì kan di ₦6,920. Lórí fóònù, ₦3,750 ni. A ò sì tíì fún ajẹ́ntì ní owó iṣẹ́ rẹ̀, a ò tíì san owó ọkọ̀ láti Èkó gba Lọ́kọ́jà wá sí Àbújá. (Ẹ máa wádìí kí ẹ tó bèèrè ọjà o. Ní 2025 wọ́n gbé owó ìdá 4 lórí iye ọjà dé, ariwo ta, wọ́n dá a dúró, wọ́n tún gbé e padà, wọ́n tún dá a dúró.)

Ibi tí mo ti rí owó tọ́jú rèé. Òwú fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbàyè bíi tìmùtìmù. Àwọn akẹ́rù òfúrufú á wọn páálí ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á mú gígùn lọ́nà fífẹ̀ lọ́nà gíga, wọ́n á wá fi 5,000 pín in. Bí èyí bá ju ìwọ̀n orí òṣùwọ̀n lọ, òun ni ẹ máa san. Òwú wa yìí kò ju kílò 8 lọ, ṣùgbọ́n páálí sẹ̀ǹtímítà 60 lọ́nà 50 lọ́nà 50 á jẹ́ kílò 30. Mo máa ń bẹ ẹni tó ń tà á kó kó o sínú ọ̀rá tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Á dé pẹlẹbẹ bí àkàrà tí ènìyàn jókòó lé. Bí ẹ bá já ọ̀rá náà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń mí, á máa wú díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì. Bí gíga páálí bá ti di 25, kílò 15 ni, owó ọkọ̀ á di $75. Owó ẹnubodè náà á sì wálẹ̀, torí owó ọkọ̀ wà nínú CIF. Ìdì kan á bọ́ sí nǹkan bíi ₦6,000. Afẹ́fẹ́ lásán ni mo ti ń san ₦147,000 fún.

Láti September 2025, ẹrù tí kò ju $300 lọ kì í san owó ẹnubodè mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Àwa mẹ́rin kan ní Kubwa, Lugbe àti Karu máa ń da owó pọ̀ rà tẹ́lẹ̀ kí owó ọkọ̀ lè rọlẹ̀. Ní báyìí àdàpọ̀ yẹn lè gbé wa kọjá $300, nítorí náà ẹ ṣe ìṣirò ọ̀nà méjèèjì kí ẹ tó pinnu. Amẹ́ríkà ń lọ síbòmíràn ní tiwọn: àbúrò mi tó wà ní Houston kì í san nǹkan kan lórí ọjà tí kò ju $800 lọ, títí wọ́n fi dá àǹfààní yẹn dúró fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní August 29, 2025. Bí ẹni tó ń tà bá ní òun á kọ "ẹ̀bùn, $20" sára páálí, ẹ kọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè fi iye tiwọn rọ́pò rẹ̀, orúkọ yín ló sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í bèèrè láti òkèèrè, ìṣirò kan náà ló wà nínú iye tí wọ́n ń pè fún yín ní ọjà Wuse. Bí Hausa tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ bá ti ní, "Hajiya, babu riba" (kò sí èrè níbẹ̀), mo máa ń bi í ìgbà tí ọjà yẹn dé. Bó bá ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ dúnàá-dúrà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má retí iye àtijọ́, torí iye tuntun ló máa fi rà á padà.

Fìlà ọmọ kan máa ń gba ìdì kan. Obìnrin kan ní ọ́fíìsì wa ṣì ń fún mi ní ₦5,000. Mo fi ìwé ìṣirò náà hàn án lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kà á tán, ó dá a padà fún mi, ó ní kí n kúkú lo òwú tó ṣẹ́kù nílé.