Bẹ́ǹṣì Màmá Mi àti Skúrù Tó Kán

Bẹ́ǹṣì tí màmá mi ń jókòó lé dín àkàrà níwájú ilé wa ní Ṣómólú ti ń mì látọjọ́ pípẹ́. Láti orí pákó ìjókòó ni wọ́n ti kan ìṣó wọ ojú ibi tí ayùn ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀, iṣan igi dúró ṣánṣán, ìṣó kàn ń wọ àárín wọn bí abẹ́rẹ́ nínú ìgbálẹ̀ ni: ó wọlé wẹ́rẹ́, á jáde wẹ́rẹ́. Mo gbá a wọlé títí ó sú mi. Lọ́jọ́ tó fa ìró màmá mi ya ni mo lọ ra skúrù.

Skúrù dúdú tí wọ́n fi ń kan sílíìnì ni mo rà, torí kò wọ́n. Mi ò rántí pé ìrókò tí wọ́n là ní Òkòbàbá ni bẹ́ǹṣì yẹn, ó sì dàgbà jù mí lọ. Mo gbé dírílì lé e láì lu ihò kankan. Ó wọlé dé ìdajì, ó ń ké, igi ń rùn bí ohun tó jóná, ló bá dún pà! Ìkejì náà kán. Skúrù dúdú le, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀; ìṣó ì bá tẹ̀ ni.

Bàbá Káfíńtà tó wà ní òdìkejì rẹ́rìn-ín títí. “Ṣé sílíìnì lò ń kàn ni? Ìrókò nìyẹn o!”

Wọ́n ní kí n yé kan ojú ibi tí wọ́n ti gé igi, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni kí n kàn. Mo fi igi kékeré tó nípọn ínṣì 1 sí abẹ́ ìjókòó níbi tó ti pàdé ẹsẹ̀. Ihò inú igi kékeré fẹ̀ kí skúrù lè kọjá fàlàlà. Ti inú ìrókò kò gbọdọ̀ ju ara skúrù láìka eyín rẹ̀. Mo gbé bíìtì, irin tí dírílì fi ń lu ihò, síwájú skúrù, mo di ojú kan: ara rẹ̀ fara pamọ́, eyín nìkan ló yọ lọ́tùn-ún lósì. Ó ti tó nìyẹn. Mo fi àbẹ́là pa skúrù funfun onínṣì 2½ lára (àwọn kan ń lo ọṣẹ, àmọ́ ọṣẹ ń fa omi, irin á sì dógùn-ún), ó wọlé láì ké.

Àwọn méjì tó kán ṣì wà nínú igi. Fáìlì ni mo fi rẹ́ orí wọn.

Màmá mi jókòó, wọ́n mi ìdí lẹ́ẹ̀mejì. “Kò dún mọ́. Ìró mi tó ya ńkọ́?”