Ẹ má dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ẹ tó kọ́ àwọn tíṣà wa

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí i pé a tún ti ń dá owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà. Èyí tí mo lọ ní Kábbà nígbà kan, ojú pátákó la ń wò láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ìrẹsì dùn, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ò kan kọ̀ǹpútà.

Ẹ gbìyànjú Kolibri. Ètò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ọ̀fẹ́ ni, àjọ kan tó ń jẹ́ Learning Equality ló ṣe é. Ẹ dáńlóòdù òun àti fídíò ìṣirò sórí láptọ́ọ̀pù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kí ẹ wá gbé e lọ sí Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ tan hotspot fóònù kan, ẹ pa dátà rẹ̀, kí láptọ́ọ̀pù àti fóònù àwọn tíṣà so mọ́ ọn. Bí fóònù bá ń kígbe pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má dá a lóhùn. Àdírẹ́sì tí Kolibri bá fi hàn ni kí wọ́n tẹ̀ sínú Chrome.

Hotspot fóònù kì í sábà gba ju bíi ẹ̀rọ mẹ́wàá lọ, nítorí náà kí wọ́n jókòó ní méjì-méjì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò ni kó di fóònù mú. Ẹnu nìkan ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi ràn án lọ́wọ́. Kí kálukú mú iṣẹ́ tí yóò kọ́ ọmọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ dání.

Ẹ cháàjì láptọ́ọ̀pù mọ́jú o. Iná wa, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.