Houston àbí Chicago: ọ̀sẹ̀ tó burú jù ni kí ẹ fi wọn ìlú

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń yan láàárín Houston àti Chicago, ìpíndọ́gba ooru gbogbo ọdún ni wọ́n máa ń wò. Iye yẹn kì í pa ẹnikẹ́ni, kì í sì í ba ilé jẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó burú jù lọ lọ́dún ni kí ẹ wò: kí ló ń ṣe sí ara, kí ló ń ṣe sí ilé, èló ló sì ń gbà lọ́wọ́ yín?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Houston. Ní oṣù kẹjọ, ọ̀sán ibẹ̀ máa ń dé 95°F, ìyẹn 35°C. Ẹ má dúró síbẹ̀ o. Ẹ wo ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè ní dew point, torí òun ló ń sọ bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Tó bá ti kọjá 70°F, òógùn kì í tètè gbẹ lára, ooru ara kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Nǹkan bíi 75°F ló máa ń wà ní Houston lásìkò ooru. Ẹni tó ti lo oṣù kẹrin rí l'Ékòó mọ̀ ọ́n: aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kéèyàn tó dé ibùdókọ̀.

AC ló ń gbani níbẹ̀, nítorí náà bíìlì iná oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé inú ilé náà, kì í ṣe ti oṣù kẹta. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa yan iléeṣẹ́ tí yóò ta iná fún yín, lórí ìkànnì Power to Choose. Ẹ mú àdéhùn tí owó rẹ̀ kò ní yí padà fún ọdún kan. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú, àmọ́ tó jẹ́ pé ìgbà tí iná tí ẹ lò bá pé 1,000 kWh nìkan ni wọ́n á dín owó: ẹ lo 980, ẹ̀dínwó lọ nìyẹn. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù ya wọ Texas, ìpínlẹ̀ tí Houston wà, iná lọ ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, àwọn tí àdéhùn wọn ń bá iye ọjà yí sì gba bíìlì ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là.

Àmọ́ omi gan-an ni ọ̀rọ̀ Houston. Ìgbà ìjì ńlá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ó ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Nígbà ìjì Harvey, ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, òjò tó rọ̀ sí ọ̀pọ̀ àdúgbò láàárín ọjọ́ díẹ̀ ju òjò àti yìnyín tí Chicago ń rí lódindi ọdún lọ. Ẹ fi àdírẹ́sì ilé wá a lórí máàpù omíyalé FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí àjálù. Bó bá bọ́ sí agbègbè tí wọ́n kọ A tàbí AE sí, ewu wà gidi. X kéré sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé tí Harvey bàjẹ́ kò sí níbi tí máàpù kà sí eléwu. Nítorí náà, ẹ fi ojú ara yín wò. Ẹ wọ gáréèjì tàbí ibi tí wọ́n ń kó aṣọ sí, ẹ wo ògiri ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sókè. Bí ẹ bá rí ìlà tó lọ tààrà yíká, tí kíkùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tuntun ju tòkè lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ti wọlé rí, tí wọ́n gé ìsàlẹ̀ ògiri kúrò láti fi òmíràn sí i. Òfin Texas ní kí onílé sọ fún ayálégbé lórí ìwé bí omi bá ti ba ilé náà jẹ́ láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni tìyẹn, ti ìjọba sì sábà máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá dúró títí ìjì fi yọ lójú òkun ti pẹ́ jù.

Ní Chicago, oṣù kìíní ni ìdánwò: ọ̀sán sún mọ́ 0°C, òru sì ń lọ sí −7°C. Ìyẹn ṣì dára. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, ó já sí −31°C. Wind chill, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mú òtútù le sí i, ni kí ẹ máa wò kí ẹ tó jáde; tó bá dé −28°C, awọ ara tí kò bò lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má fi òwú ṣe aṣọ àkọ́wọ̀, torí ó ń mu òógùn, omi náà á sì di òtútù sí yín lára. Wúùlù ni kí ẹ wọ̀ sínú, kí fleece, aṣọ onírun rírọ̀, tẹ̀ lé e, kí kóòtù tí afẹ́fẹ́ kò lè là kọjá wà lókè. Kí bàtà má fún yín, nítorí ẹsẹ̀ tó há kì í móoru.

Ẹ béèrè ẹni tó ń san owó hítà. Bó bá jẹ́ onílé ló ń darí rẹ̀, òfin ìlú ní kí inú ilé má lọ sílẹ̀ ju 68°F lọ lọ́sàn-án àti 66°F lóru, láti 15 oṣù kẹsàn-án títí di 1 oṣù kẹfà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ béèrè bíìlì gáàsì oṣù kìíní. Ilé àjà ilẹ̀ máa ń pọ́ọ́kú níbẹ̀, àmọ́ ẹ wo ihò omi inú ilẹ̀ rẹ̀: bí òjò bá pọ̀ jù, omi ìdọ̀tí ìlú lè gba ibẹ̀ wọlé.

Láti 1 oṣù kejìlá sí 1 oṣù kẹrin, ẹ kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sí àwọn òpópónà kan láàárín aago mẹ́ta òru sí méje àárọ̀, yìnyín ì báà bọ́ tàbí kó má bọ́. Wọ́n á wọ́ ọ lọ. Ẹ ka àmì ojú títì. Bí ẹ bá sì rí àga níbi tí ẹnìkan ti ko yìnyín kúrò, ẹ fi sílẹ̀, ẹni tó kó yìnyín náà ló fi gba àyè.

Lórí owó: Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, ń gba 4.95%. Lórí $60,000, ó dín díẹ̀ ní $3,000 lọ́dún. Ẹ má tíì yọ̀ sí Houston o. Àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì àti epo, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Red Line àti Blue Line ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru ní Chicago. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ òru lè gbé ibẹ̀ láìní mọ́tò. Ìyàtọ̀ yìí nìkan lè gbé owó orí náà mì.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé, ẹ lọ wo Houston láàárín oṣù kẹjọ, kí ẹ wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ lọ wo Chicago ní ìparí oṣù kìíní, kí ẹ sì dúró de bọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ilẹ̀ tó mọ́.