Kànga gbẹ ní Mọ́níyà: ohun tí ojú mi rí kí Àlàájì tó sọ iye lítà

Owó borehole tí mo pàdánù ló jẹ́ kí n dìde. Wọ́n gbẹ́ ẹ jìnnà, àpáta ni wọ́n ń kọlù ṣáá, omi tó jáde ò tó kún kẹ́ẹ̀gì, ẹni tó gbẹ́ ẹ sì gbowó ẹ̀ lọ pé pérépéré. Ẹ̀rùn yẹn náà ni kànga àwọn aládùúgbò gbẹ, gbogbo èèyàn wá ń nàka sí ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà tó wà lókè wa.

Orí àpáta ni Ìbàdàn wà, a ò ní yanrìn tó jìn bíi ti Èkó. Inú ilẹ̀ tó bo àpáta àti ibi tí àpáta ti sán lomi wa wà, tẹ́nì kan bá fà á jù, ẹlòmíì á mọ̀ ọ́n lára. Mo bá sọ ní mítìnnì lánlọ́ọ̀dù pé ká yéé jà, ká jọ fi kọ̀ǹpútà wò ó. Bọ̀ọ̀dá kan tó mọ MODFLOW, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe ń lọ, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1984 tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, gbà láti bá wa ṣe é.

Nínú nọ́ńbà tá a máa fún kọ̀ǹpútà, ti kànga ò le. Àwọn ọ̀dọ́ so irin mọ́ téèpù, wọ́n ń wọn omi ní ìdájí kí ẹnikẹ́ni tó fà á, wọ́n á yọ gíga ẹnu kànga kúrò, ó parí.

Iye lítà tí Àlàájì tó ni píọ̀ wọ́tà ń fà ló fẹ́ẹ̀ yà mí ní wèrè. Lónìí wọ́n á ní ká padà wá lọ́la, lọ́la wọ́n ti lọ Ìlọrin, ọjọ́ tá a wá bá wọn nílé wọ́n ní ṣé ká lè fi àwọn lé agbowó-orí lọ́wọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ láìsí nọ́ńbà yẹn, kọ̀ǹpútà ń sọ pé omi kún kànga wa nínú ẹ̀rùn, kànga tí gbogbo wa mọ̀ pé ẹrẹ̀ ló kù nísàlẹ̀ ẹ̀! Inú bí mi débi pé oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu.

Ìyá alámàlà tí ṣọ́ọ̀bù wọn dojú kọ ilé iṣẹ́ náà ló tú u. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò gbọ́ jẹ́nẹ́rétọ̀ ni? Ìgbà tó bá ń dún ni wọ́n ń fa omi." A ka wákàtí tó fi ń dún, a wo bí irú pọ́ǹpù yẹn ṣe ń yára kún tánkì, a sọ ọ́ di lítà. Bá a ṣe fi sínú ẹ̀ báyìí, omi inú kọ̀ǹpútà wálẹ̀, ó bá kànga mu. Orí mi wú! Àlàájì rí iye lítà tá a ṣírò lára ògiri ní mítìnnì, wọ́n fárígá, wọ́n ní a ti bù kún un, ni wọ́n bá lọ gbé ìwé ìṣirò tiwọn wá fúnra wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ẹni tó ń fa omi jù kẹ́ ẹ tó tan kọ̀ǹpútà rárá, kẹ́ ẹ sì pe àwọn tó ń jókòó ládùúgbò láti àárọ̀ dalẹ́, kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù nìkan. Àwa ti fi kọ̀ǹpútà gbé e wò pé tí Àlàájì bá ń fa ìdajì omi wọn látinú borehole wọn kejì lápá odò, kànga wa ò ní gbẹ tó tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gbà láti dán an wò ní ẹ̀rùn tó ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa wọn omi lọ.