Ìwọ̀n Àpò Kajú àti Àtẹ Z: Ẹ Má Ka Àtẹ Sódì Mọ́

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àkókò kajú tó kọjá ló jẹ́ kí a kọ ìwé yìí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní ilẹ̀ Yàgbà ṣèlérí fún oníbàárà pé nínú 100 àpò, 93 yóò ju kílò 86 lọ. Oníbàárà gbé ọkọ̀ wá. Àpò 7 péré ló bá tó ju kílò 86 lọ. Ó kó 7 yẹn, ó lọ; owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ta ìyókù. Ìṣirò wọn kò ní àṣìṣe kankan. Àtẹ Z, ìyẹn àtẹ nọ́ńbà tí a fi ń mọ ìdá àpò tí yóò ju ìwọ̀n kan lọ tàbí tí kò ní tó o, ni wọ́n kà sódì.

Sísá kajú àti dídì í sápò, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ẹ gbé àpò 30 sórí òṣùwọ̀n, ẹ kọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ pín in sí 30: àárín nìyẹn. Ẹ wo iye tí àpò kọ̀ọ̀kan fi yàtọ̀ sí àárín, ẹ fi ìyàtọ̀ náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ pín in sí 29 (29 o, kì í ṣe 30), kí ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀ (√). Ìfọ́nká nìyẹn. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó wà nílé yóò fi fóònù bá yín ṣe é. Ẹ má da kajú tútù mọ́ gbígbẹ. Àtẹ yìí kò wúlò àfi bí ọ̀pọ̀ àpò bá ṣù sí àárín, tí ìyókù sì ń dínkù bákan náà lápá méjèèjì, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dojú bolẹ̀.

Ti ẹgbẹ́ yẹn: àárín kílò 80, ìfọ́nká kílò 4. Ẹ yọ 80 nínú 86, ó ku 6. Ẹ pín 6 sí 4, ó di 1.5. Òun ni z: iye ìgbà ìfọ́nká tí 86 fi ju àárín lọ. Níwájú 1.5, àtẹ ní 0.9332.

Ibí ni wọ́n ti ń ṣìnà. Mo rí i ní Kàbà, mo rí i ní Ìsánlú, mo sì ń sọ ọ́ lọ́dọọdún. 0.9332 kì í ṣe ti àpò tó ju 86 lọ! Ti àwọn tí kò tó 86 ni. Bí "ju" lẹ ń wá, ẹ yọ ọ́ nínú 1: ó ku 0.0668, àpò 7 nínú 100. Nígbà tí àárín jẹ́ 80, báwo ni 93 ṣe fẹ́ ju 86 lọ? Ẹ bi ara yín kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Àwọn tí kò tó 76 ńkọ́? Z jẹ́ −1, àtẹ ní 0.1587, ẹ má yọ ọ́ nínú ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ náà ló wà. Láti 76 dé 86: 0.9332 dín 0.1587, ó ku 0.7745, bí àpò 77.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ohun tó wà níwájú z 0.00. Bí ó bá jẹ́ 0.5000, irú àtẹ tí a lò níbí ni. Bí ó bá jẹ́ 0.0000, láti àárín ni àtẹ yẹn ti ń kà: fún z tó ju òdo lọ, ẹ kọ́kọ́ fi 0.5 kún ohun tí ẹ bá rí.